Gíláàsì Tó Mọ Ìwúwo Ọwọ́

Ẹ fi fóònù yẹn sílẹ̀ ná. Iná ti lọ, kò sì sẹ́ni tó mọ ìgbà tí wọn yóò mú un wá. Ẹni tó bá lo bátìrì rẹ̀ tán lálẹ́ yìí, láàárọ̀ ọ̀la ni yóò máa bẹ alájọgbélé tó ní jẹnẹrétọ̀. Ẹ súnmọ́ ibí. Àgbàdo yóò jinná láìpẹ́, àgbọn wà nínú abọ́. Ohun tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe àlọ́, kí ẹnikẹ́ni má bá mi mú Ìjàpá wọ inú rẹ̀. Ohun ìyanu ni. Iṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n títúnṣe ni mo fi tọ́ àwọn bàbá yín, nítorí náà, púpọ̀ nínú ohun tí mo fẹ́ sọ, ọwọ́ ara mi ló tú u palẹ̀.

Ìwọ, lọ bá mi mú láítà tí màmá yín fi ń tan gáàsì wá. Èyí tó gùn yẹn, tó ń dún "tá!" Ó ṣeun. Ẹ wò ó dáadáa. Kò ní bátìrì. Kò ní gáàsì nínú. Wáyà kankan kò so ó mọ́ ògiri. Síbẹ̀, bí mo bá ti tẹ ìdí rẹ̀ báyìí, mànàmáná kékeré bẹ́ jáde lẹ́nu rẹ̀. Ẹ rí i? Níbo ni iná yẹn ti wá?

Òkúta kékeré kan wà nínú rẹ̀, òòlù kékeré sì wà lẹ́yìn òkúta. Bí mo bá tẹ̀ ẹ́, òòlù á gbá òkúta, òkúta á sì bí iná. Ìlú Paris ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí irú rẹ̀, lọ́dún 1880. Ọmọ ìyá méjì ni wọ́n, Jacques Curie àti Pierre Curie. Pierre, àbúrò, kò tíì ju ẹni ọdún mọ́kànlélógún lọ. Òun ló wá di ọkọ Marie Curie tí wọ́n ń kọ́ yín nípa rẹ̀ ní ilé ìwé. Wọ́n mú òkúta quartz àtàwọn òkúta mìíràn tó ń dán, wọ́n fi wọ́n sáàárín irin, wọ́n sì fún wọn mọ́lẹ̀. Iná hàn lára òkúta. Bí wọ́n ṣe fún un tó ni iná náà ṣe pọ̀ tó. Àtọwọ́dá ni òkúta inú láítà yìí, wọ́n sun ún bí ẹni sun amọ̀, ṣùgbọ́n ìwà kan náà ló ń hù. Ẹ fi í sọ́kàn pé a lè tẹ ohun kan, kí ohun náà sì fi iná dá wa lóhùn.

Ó yá, ẹ wá wo fóònù tí ẹ ti ń tẹ̀ láti àárọ̀. Ẹ̀yin rò pé ó mọ bí ọwọ́ yín ṣe le tó. Kò mọ̀ rárá! Ìyá àgbà yín máa ń tẹ̀ ẹ́ títí èékánná rẹ̀ á fi funfun. Ó gbà pé bí òun bá tẹ̀ ẹ́ gidigidi ni owó á tètè dé báńkì. Mo ti sọ fún un títí ó fi sú mi. Ohun kan ṣoṣo tí ojú fóònù yẹn mọ̀ ni pé ara ènìyàn wà nítòsí.

Lábẹ́ gíláàsì, wọ́n tẹ́ àwọn ìlà tín-ín-rín sílẹ̀, ti òòró àti ti ìbú, ojú sì ń là wọ́n kọjá débi pé ẹ kò lè rí wọn. Iná díẹ̀ wà lára wọn. Ara ènìyàn ní tirẹ̀ kún fún omi àti iyọ̀, iná sì fẹ́ràn irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀. Bí ìka bá ti dé ibi tí ìlà méjì ti pàdé, ó jí díẹ̀ lára iná ibẹ̀. Ọpọlọ fóònù á rí i pé nǹkan dín, á ní, "Ẹnì kan ti dé." Òyìnbó kan, E. A. Johnson, ló kọ ọ́ jáde ní 1965, ní ìlú Malvern nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ rada. Ohun tí wọ́n ń wá ni bí àwọn tó ń darí ọkọ̀ òfuurufú yóò ṣe máa fi ìka bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀ kíákíá.

Ìdí nìyẹn tí fóònù fi ń ya wèrè bí òjò bá kán sí i. Ẹ ti rí i ní Mile 2, tí èèyàn ń dúró de ọkọ̀, tí omi wá ń ṣí ohun tí ẹnikẹ́ni kò ní kó ṣí. Ìdí nìyẹn náà tí bíríkìlà tí sìmẹ́ǹtì ti mú ìka rẹ̀ le, tó sì ti gbẹ, fi ń tẹ fóònù tí kò dá a lóhùn. Ní South Korea, lásìkò òtútù ọdún 2010, àwọn èèyàn kò fẹ́ bọ́ ìbọ̀wọ́ wọn nínú yìnyín. Ẹ mọ ohun tí wọ́n fi ń tẹ fóònù? Sọ́séèjì! Ẹ máa rẹ́rìn-ín, òótọ́ ni. Ẹran ni, omi àti iyọ̀ wà nínú rẹ̀; fóònù rò pé ìka ni.

Ọ̀nà mìíràn wà tó ti kọ́kọ́ gbilẹ̀ lọ́dọ̀ wa kí èyí tó dé. Ẹ bi àwọn bàbá yín léèrè nípa fóònù Ṣáínà tó kún Alaba nígbà kan: onísíìmù méjì, èyí tó ń dún bí ẹ̀rọ gbohùngbohùn ṣọ́ọ̀ṣì, tí èríà tẹlifíṣọ̀n ń yọ lórí rẹ̀, tí bírò kékeré kan sì wà ní ìhà rẹ̀ tí kì í kọ nǹkan kan. Bírò yẹn ni wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́. Bí ẹ bá fẹ́, ẹ fi èékánná, ẹ fi igi ìtayín, ó gbà á. Títẹ̀ gan-an ni fóònù yẹn mọ̀.

Samuel Hurst ni orúkọ ẹni tó bẹ̀rẹ̀ irú rẹ̀. Ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni, onímọ̀ físíìsì ní Oak Ridge, tó gbàyè lọ kọ́ni ní yunifásítì Kentucky. Bébà tí ẹ̀rọ ya ìlà sí kún tábìlì rẹ̀, ó sì ní kí wọ́n ka ìlà wọ̀nyẹn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ta ló máa ka gbogbo ìyẹn? Ó wá lo bébà tó ń gbé iná, kó lè jẹ́ pé bí wọ́n bá ti fi abẹ́rẹ́ kan ojú ìlà, iná fúnra rẹ̀ yóò sọ ibi tí ojú náà wà. Ní 1971 ó dá iléeṣẹ́ Elographics sílẹ̀. Ní 1977, Siemens ti Jámánì fi owó sílẹ̀ kí wọ́n bá àwọn ṣe irú rẹ̀ sórí gíláàsì tó tẹ̀ kọdọrọ, kó lè bá ojú tẹlifíṣọ̀n ìgbà yẹn mu.

Ọdún 1977! Ẹ mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbí lọ́dún yẹn? Láti ọjọ́ 15 oṣù kìíní títí dé ọjọ́ 12 oṣù kejì, aláwọ̀ dúdú gbogbo ayé wá bá wa ṣe FESTAC. Ilé tí wọ́n kọ́ dè wọ́n ló di Festac Town tí ẹ ń sáré lọ ra ṣáwámà yìí. Ẹsiteeti tiwa kò tíì ní orúkọ tó ń jẹ́. Ọdún 1988 ni Raji Rasaki, ṣọ́jà tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ ọ́, ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Èkó gẹ́gẹ́ bí gómìnà. Àwa ń jó ní Ìgànmú, àwọn ń kọ́ gíláàsì bí a ṣe ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ọwọ́. Ní nǹkan bí ìgbà FESTAC yẹn náà, ọmọ Amẹ́ríkà mìíràn, Franklin Eventoff, ṣe ike pẹlẹbẹ kan tí wọ́n fi yíǹkì tó ń gbé iná kùn: bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, iná díẹ̀ ló ń kọjá, bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ gan-an, ọ̀nà á là sílẹ̀ fún un.

Ẹ gbé tọ́ọ̀ṣì wá. Agolo yìí, ibẹ̀ ni mo ń kó àwọn ohun tí ìyá yín ní kí n dà nù sí. Ojú fóònù Ṣáínà kan rèé. Ẹ fọwọ́ kàn án: ike ni òkè rẹ̀, ó rọ̀. Gíláàsì ni ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan tó kọjú síra wọn, wọ́n fi èròjà kan pa á, indium tin oxide. Ó ń gbé iná bí irin, síbẹ̀ ojú ń là á kọjá. Ẹ wá dá tọ́ọ̀ṣì lé e láti ẹ̀gbẹ́. Ẹ rí àwọn tóótòòtó kéékèèké yẹn, bí wọ́n ṣe tò lẹ́sẹẹsẹ? Àwọn ló ń la ike àti gíláàsì níjà kí wọ́n má baà fọwọ́ kanra kí ìka tó dé. Àti ìrù yìí, ìlà bàbà mẹ́rin ló wà lára rẹ̀: méjì fún òkè, méjì fún ìsàlẹ̀.

Bó ṣe ń mọ ibi tí ẹ tẹ̀ rèé. Wọ́n á fi 5 volt sí etí kan lára gíláàsì, wọ́n á fi òfo sí etí kejì. Iná náà ń dín kù díẹ̀díẹ̀ láti etí dé etí. Bí ẹ bá tẹ ike mọ́ gíláàsì, ike á gbé iye iná tó bá níbẹ̀. Bó bá gbé 2.5, ó túmọ̀ sí pé àárín gan-an ni ẹ tẹ̀. Kíá, wọ́n á yí i padà, wọ́n á fi iná sára ike láti òkè dé ilẹ̀, kí gíláàsì náà gbé tirẹ̀. Wọ́n ń ṣe é lọ ṣe é bọ̀ kí ẹ tó ṣẹ́jú. Èyí tó dára nínú àwọn ẹ̀rọ tó ń kà á lè pín ọ̀nà náà sí ìṣísẹ̀ 4,096.

Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń dúró sí. Èmi kò dúró. Mítà mi rèé. Mo fi ẹnu kan sí ìlà òkè, mo fi ẹnu kejì sí ìlà ìsàlẹ̀. Mítà kò ka nǹkan kan, ọ̀nà ti dí. Ìbejì, ọ̀kan nínú yín wá tẹ̀ ẹ́, jẹ́jẹ́. Ó ti kà. Má gbé ọwọ́ kúrò o, túbọ̀ tẹ̀ ẹ́. Ẹ wo nọ́ńbà yẹn bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀! Tẹ̀ ẹ́ sí i. Ó tún sọ̀. Dẹ ọwọ́. Ó ń gòkè padà. Ibi kan náà ni ìka rẹ̀ wà láti ìbẹ̀rẹ̀, kò ṣí kúrò. Agbára ọwọ́ rẹ̀ nìkan ló yí padà. Bí ìka bá ṣe ń tẹ̀ sí i ni ojú ibi tí ike àti gíláàsì ti fara kanra ń fẹ̀ sí i, tí iná sì ń rí ọ̀nà gbà.

Gángan nìyẹn. Onígángan kì í kàn lu ìlù, abíyá rẹ̀ ló ń fún ọsán. Bó bá fún un, ohùn gòkè, bó bá dẹ̀ ẹ́, ohùn wálẹ̀, kò sì sí ibi tí ohùn ti já láàárín òkè àti ìsàlẹ̀. Ó dùn mí pé àwọn tó ṣe fóònù wọ̀nyẹn ní gángan lọ́wọ́, wọ́n ń lù ú bí agogo. Sẹ́kíìtì tó ń ka ìwúwo ọwọ́ wà níbẹ̀, ohun tí wọ́n sábà ń fi ṣe ni kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ìka gidi ló tẹ̀ ẹ́ tàbí nǹkan kàn ṣèèṣì rọra kàn án. Ó tán.

Ẹ gbọ́ tírélà yẹn? Láti òpópónà Apápá sí Òṣòdì ni ariwo rẹ̀ ti ń wá. Kọ̀ntẹ́nà ni ó gbé. Láti ọjọ́ 1 oṣù keje ọdún 2016, òfin àgbáyé kò gbà kí wọ́n gbé kọ̀ntẹ́nà wọ ọkọ̀ ojú omi láìmọ ìwúwo rẹ̀ tòótọ́. Báwo ni wọ́n ṣe ń wọn odidi tírélà? Wọ́n á ní kó gun orí pèpéle irin kan. Òpó irin gìdìgbà wà lábẹ́ pèpéle náà, tírélà á sì mú òpó náà kúrú. Ẹ má wò mí báyìí. Irin ń kúrú! Ó kàn jẹ́ pé ojú kò lè rí i, nítorí kíkúrú náà kéré púpọ̀.

Wọ́n lẹ wáyà kan mọ́ ara òpó yẹn, ó fẹ́lẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà, wọ́n sì ká a lọ ká a bọ̀. Ọkùnrin méjì ló ṣe é ní Amẹ́ríkà ní 1938, Edward Simmons níbì kan, Arthur Ruge níbòmíràn, tí ẹnì kìíní kò mọ̀ pé ẹnì kejì ń ṣe é. Bí irin bá kúrú, wáyà á bá a kúrú; bí irin bá nà, wáyà á bá a nà. Wáyà tó nà ti gùn sí i, ó sì ti tín-ín-rín sí i, iná kò ní rọrùn láti gbà á kọjá mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ bí ìyàtọ̀ náà ṣe kéré tó: wáyà tó jẹ́ 350 ohm, bí ó bá fi ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún gùn sí i, nǹkan bí 350.7 ni yóò dà. Ooru ọ̀sán Èkó náà sì lè yí iye yẹn padà.

Báwo ni wọ́n ṣe wá ń rí i? Wọ́n mú mẹ́rin irú wáyà yẹn, wọ́n so wọ́n pọ̀ ní igun mẹ́rin, iná ń wọlé ní igun kan, ó ń jáde ní igun tó kọjú sí i. Igun méjì tó kù ni wọ́n ń wò. Bí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá dọ́gba, kò sí ìyàtọ̀ láàárín igun méjì yẹn, òdo ni. Ooru dé, gbogbo wọn ló gbóná pa pọ̀, òdo náà ni. Àmọ́ bí ọ̀kan bá nà ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ báyìí, òdo ti bàjẹ́, iná tín-ín-rín á yọjú, a ó sì gbé e ga títí a ó fi lè kà á. Wheatstone bridge ni wọ́n ń pè é. Samuel Christie ló ṣe é ní 1833. Ní 1843 Charles Wheatstone gbé e jáde fún aráyé, ó sì sọ ọ́ lẹ́nu ara rẹ̀ pé Christie ló ni í. Ẹ̀yin náà ẹ rí orúkọ ẹni tó ń jẹ́.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí fóònù. Ó wá kù ká béèrè bóyá gíláàsì rẹ̀ ń tẹ̀ bí òpó tírélà ṣe ń kúrú. Ó ń tẹ̀ o. Gíláàsì fóònù kò nípọn tó mìlímítà kan; bí ìka bá tì í, ó wọnú díẹ̀. BlackBerry ti gbìyànjú rẹ̀ ní 2008 pẹ̀lú Storm, odidi ojú fóònù ló ń wọlé tó ń dún "kà", ṣùgbọ́n bọ́tìnì ńlá kan lásán ni. Ọdún 2015 ni gíláàsì fúnra rẹ̀ wá mọ ìwúwo. Ní oṣù kẹta, Apple ṣe kọ̀ǹpútà alágbèéká kan tí pátákó ìka rẹ̀ dúró lórí ẹsẹ̀ mẹ́rin, tí wáyà tírélà yẹn, oríṣi rẹ̀ kékeré, wà lára ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án, ní Berlin, Huawei gbé fóònù Mate S jáde, wọ́n sì gbé ọsàn kan lé ojú rẹ̀. Fóònù wọn ọsàn náà! Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí Apple fi gbé iPhone 6s dé. Ní tirẹ̀, wọ́n to àwọn àwo irin kéékèèké sẹ́yìn, níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wá, wọ́n sì ń wọn àyè tó wà láàárín wọn àti gíláàsì. Bí gíláàsì bá tẹ̀ sínú, àyè dín, iná yí padà.

Àwọn ọ̀dọ́ kan wá ní kí wọ́n fi áàpù sọ iPhone yẹn di òṣùwọ̀n. Wọ́n gbé nǹkan lé e, kò dáhùn. Ẹ rántí sọ́séèjì: fóònù gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbà pé ara ènìyàn wà níbẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí wọn ìwúwo. Ni wọ́n bá gbé ṣíbí irin sójú rẹ̀, wọ́n wá ń kó ohun tí wọ́n fẹ́ wọ̀n sínú ṣíbí. Ó ṣiṣẹ́! Apple kọ̀, wọn kò gba áàpù náà sínú ọjà wọn. Èmi ì bá gbà á, àwọn alágbẹ̀dẹ wúrà ì bá fi dárà.

Ti kọ̀ǹpútà Apple yẹn ló dùn mọ́ mi jù. Bí ẹ bá tẹ pátákó rẹ̀, ẹ ó mọ̀ ọ́n lára pé ó wọlẹ̀, ẹ ó gbọ́ "kà". Irọ́ ni, kò wọlẹ̀. Mágínẹ́ẹ̀tì kan ló fà á sí ẹ̀gbẹ́ fẹ́ẹ́, ìka yín sì gbà pé ìsàlẹ̀ ló lọ. Ẹnikẹ́ni tó bá ní irú rẹ̀, kó pa á pátápátá, kó tún tẹ̀ ẹ́. Kò ní mira, kò ní dún.

Ti fóònù kò pẹ́ láyé. Ní 2019, iPhone 11 dé láìsí i. Wọn kò kọ àmì kankan sójú fóònù pé ibi báyìí ń gbọ́ ìwúwo, nítorí náà ẹgbàágbèje èèyàn ló ra ohun ìyanu yìí, tó lò ó títí tó fi tà á, tí kò tẹ̀ ẹ́ rí. Ohun tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ ni kí ẹ fi ìka sójú kan kí ẹ sì dúró. Aago ló ń kà báyìí, kì í ka ọwọ́ mọ́.

Ṣùgbọ́n èyí tó ti wà nílẹ̀ ṣì wúlò. Bí ẹ bá lọ ra tòkunbọ̀, ní Alaba tàbí ní Computer Village, tó jẹ́ iPhone 6s, 7, 8, X tàbí XS, ẹ má fi ìka sójú kan kí ẹ máa dúró. Ẹ tẹ àwòrán kan mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kó wọra. Ojú tó bá fóònù wá láti ilé á ta padà sí ìka yín lójú ẹsẹ̀, á sì ṣí nǹkan fún yín. Ọ̀pọ̀ ojú olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n ń pààrọ̀ sí i kò ní sẹ́kíìtì yẹn. Ẹ kọ́kọ́ wò ó ní Settings pé ẹnì kan kò pa á. Ẹ má sì dán an wò lára XR, kò ní i rí. Bí kò bá ta padà, ẹni tó ń tà á á ní ohun tó máa sọ. Ẹ jẹ́ kó sọ ọ́ tán, kí ẹ tó dá owó rẹ̀ sí ìlàjì.